Ẹ Má Fi Gáàsì Èédú Ránṣẹ́ sí Àwọn Ará Ilé

Ẹ̀yin ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tí ẹ wà ní ìlú òyìnbó, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò ní dùn mọ́ gbogbo wa nínú. Ṣùgbọ́n bí a bá dákẹ́, owó ẹgbẹ́ yóò jáde, ohun tí a sì fi owó náà ṣe yóò wọ inú ilé àwọn ìyá àti àbúrò wa kí ẹnikẹ́ni tó bi wá léèrè ohun tó jẹ́.

Àbá kan wà nílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa pé kí á dá owó jọ, kí á gbé iṣẹ́ fún àwọn wẹ́dà nílé, kí wọ́n máa bá wa ṣe ẹ̀rọ tí ń sọ èédú di gáàsì, kí á sì pín in fún àwọn ẹbí wa. Gáàsì yìí ni wọn yóò máa fi tan jẹnẹrétọ̀ kékeré, "I better pass my neighbour" tí gbogbo ayé mọ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó mú àbá náà wá kò wá a lásán. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo bẹntiróòlù tí lítà rẹ̀ kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí ọdún 2024 sì ń parí lọ, ó ti kọjá ₦1,000. Gbogbo wa la mọ ohun tí èyí sọ tẹlifóònù wa dà. Bí ó bá ti dún ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, owó epo ni. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá dìde tó ní èédú lásán lè tan iná, kò yẹ kí ẹnu yà wá pé àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un.

Èmi kò pàtẹ́wọ́. Mo lòdì sí àbá náà pátápátá, mo sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ dá a nù kí kọ́bọ̀ kan tó jáde.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ní irọ́ ni wọ́n pa. Ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́, bí ó sì ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Wọn yóò wá dúrọ́ọ̀mù tàbí sílíńdà gáàsì àlòkù tí ọmọrí rẹ̀ ṣe é dé pinpin. (Bí a ṣe ń fi iná gé sílíńdà àlòkù láìjẹ́ kí ó bú gbàmù, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, tí ó ti pa wẹ́dà rí.) Wọn yóò rọ èédú kún inú rẹ̀, èyí tí wọ́n ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ẹkùrọ́. Páìpù nípọnnípọn kan ń ti ẹ̀gbẹ́ wọlé, láti ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí èédú náà, tí ojú ibẹ̀ yóò fi pọ́n kọjá ìwọ̀n 1,000 lórí Celsius. Iná náà yóò kọ́kọ́ jẹ gbogbo ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ tán, yóò sì mú carbon dioxide jáde. Ṣùgbọ́n bí carbon dioxide yìí ti ń gba àárín èédú gbígbóná yòókù kọjá, níbi tí ọ́síjìn kò sí mọ́, ó ń yí padà di carbon monoxide. Èyí gan-an ni epo tí ẹ́ńjìnnì ń jẹ. Bí wọ́n bá ń kán omi díẹ̀díẹ̀ sí i, ooru omi náà yóò fọ́, yóò sì fi hydrogen kún un. Gáàsì yóò gba páìpù gígùn kọjá kí ó lè tutù, yóò gba inú asẹ́ aṣọ tàbí fóòmù kọjá kí eérú lè kúrò lára rẹ̀, yóò sì pàdé afẹ́fẹ́ tútù tí ìwọ̀n wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba kí ó tó wọ ẹ́ńjìnnì ní ojú kabúrétọ̀. Fa okùn, ó gbà.

Ìdí tí wọ́n fi ń lo èédú dípò igi ni pé bí igi bá ń gbóná, ó ń mú oje dúdú kan bí ọ̀dà jáde, tí yóò lẹ̀ mọ́ inú ẹ́ńjìnnì títí tí yóò fi dá. Ẹni tó sun igi náà di èédú ti lé oje yẹn sínú igbó gẹ́gẹ́ bí èéfín. Ìdí nìyẹn tí ọmọdékùnrin kan fi lè fi sílíńdà àlòkù ṣe é ní ẹ̀yìnkùlé, tí yóò sì tan iná.

Kì í sì í ṣe ohun tuntun. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn ogun ọdún 1939 sí 1945 fún wa, òótọ́ sì ni ìtàn náà. Nígbà tí epo kò rí ọ̀nà wọ Sweden mọ́, ọkọ̀ tó lé ní 70,000 ló ń jẹ gáàsì igi àti èédú níbẹ̀. Ní London níbí, láàárín ọdún 1942 sí 1944, àwọn bọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n ń wọ́ ẹ̀rọ gáàsì lẹ́yìn bí ìgbà tí màlúù bá ń wọ́ ọmọ rẹ̀, èédú inú ilẹ̀ ni wọ́n ń sun nínú rẹ̀. Ní Brazil, níbi tí àwọn ìbátan wa ti ń kọrin òrìṣà ní Bahia títí di òní, ìjọba Getúlio Vargas gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní ọdún 1939 nítorí gasogênio, bí wọ́n ṣe ń pè é lọ́hùn-ún nìyẹn. Wọ́n tilẹ̀ fi í sáré ìje ọkọ̀, Chico Landi tí ń gba ipò kìíní sì di ẹni tí wọ́n ń pè ní ọba gasogênio.

Ìtàn dídùn ni, àmọ́ ààbọ̀ ni wọ́n ń sọ fún wa. Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? Nígbà tí epo padà dé, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni kò tún fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lára ọkọ̀ wọn. Àwọn bọ́ọ̀sì London kò lágbára láti gun òkè, ojú ọ̀nà pẹrẹsẹ ni wọ́n ń wá fún wọn, wọ́n sì ti pa ètò náà tì ní ọdún 1944, kí ogun tó parí rárá. Brazil ló ṣe èyí tó yẹ kí á ronú sí jù lọ. Nígbà tí owó epo rọ̀bì tún fò sókè lágbàáyé ní ọdún 1973, àwọn ará Brazil tó ti fi ọwọ́ ara wọn da èédú sínú ọkọ̀ ṣì wà láàyè, wọ́n mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Kì í ṣe òun ni ìjọba wọn fi ṣáájú. Ọtí tí wọ́n ń pọn láti ara ìrèké ni ìjọba wọn mú ní ọdún 1975. Ẹni tó ti gbé ẹrù kan rí ló mọ bí ó ṣe wúwo tó.

Ẹ jẹ́ kí á wá sórí kókó. Ohun tí ń yí ẹ́ńjìnnì yìí gan-an ni ohun tí ń pa ènìyàn.

Nínú jẹnẹrétọ̀ tí ń jẹ bẹntiróòlù, ìdọ̀tí ni carbon monoxide, ó ń bá èéfín jáde. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìdọ̀tí, a mọ ohun tí ó ń ṣe nílé wa. Kò sí ọdún kan tí a kì í gbọ́ pé tọkọtaya kan pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sùn, ilẹ̀ sì mọ́ láìsí ẹni tó jí. Nínú ẹ̀rọ èédú, carbon monoxide kì í ṣe ìdọ̀tí mọ́. Òun ni epo fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo gáàsì tí ń gba páìpù náà kọjá, ó tó 25 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí ó bá jẹ́ 1 péré nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ yàrá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó láti pa ẹni tó wà níbẹ̀. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í mú ènìyàn wúkọ́. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju bí ọ́síjìn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po tó lé ní igba. Ẹni tó bá ń mí in sínú díẹ̀díẹ̀ kò ní mọ̀ ju pé orí ń fọ́ òun, òòyì ń kọ́ òun, èébì ń gbé òun. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọn yóò ṣe nílé: wọn yóò ní ibà ni, wọn yóò ra oògùn ibà, wọn yóò sì ní kí ó lọ sinmi nínú yàrá náà gan-an.

Mo ti gbọ́ èsì àwọn ẹ̀gbọ́n wa. Wọ́n ní bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ó ń fa gáàsì sínú ni, pé bí páìpù bá tilẹ̀ lu, afẹ́fẹ́ ni yóò wọlé, gáàsì kò ní jáde. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kì í fìgbà gbogbo ṣiṣẹ́. Kí ó tó gbà, ẹnìkan ní láti fi fáànù kékeré fẹ́ iná náà títí gáàsì yóò fi dára, gbogbo gáàsì àkókò yẹn, ìta ni wọ́n ń tú u sí, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ tì í ló sì ń mí in. Nígbà tí wọ́n bá sì pa ẹ́ńjìnnì, èédú kò mọ̀ pé wọ́n ti pa á. Yóò ṣì pọ́n nínú agolo rẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, yóò máa ṣe gáàsì lọ, kò sì sí ẹ́ńjìnnì tí yóò fà á mọ́, ihòkíhò tó bá rí ni yóò gbà jáde. Ìgbà wo ni wọ́n ń pa jẹnẹrétọ̀ nílé wa? Alẹ́, nígbà tí gbogbo ilé fẹ́ sùn. Níbo ni wọ́n ń gbé e sí lẹ́yìn náà? Inú ilé, nítorí olè àti òjò. Jẹnẹrétọ̀ bẹntiróòlù tí wọ́n ti pa kì í tú carbon monoxide jáde mọ́ lóru. Èyí lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ilẹ̀ England tí a wà yìí, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, òfin ti mú onílé ní dandan kí ó fi aago ìkìlọ̀ carbon monoxide sí yàrá tí ẹ̀rọ tí ń sun gáàsì, epo tàbí igi bá wà nínú ilé tó fi háyà, àfi sítóòfù gáàsì ìdáná nìkan ni òfin náà yọ sílẹ̀. Mo mọ àwọn kan nínú wa tó ti kọ ìwé ẹ̀sùn sí káńsù nítorí aago yìí, wọ́n sì ṣe dáadáa. Báwo wá ni ẹnu wa ṣe gbà á láti fi ẹ̀rọ tí ń pọn carbon monoxide bí ẹni ń pọn ọtí ránṣẹ́ sí ìyá ẹni ẹ̀ni àádọ́rin ọdún, ní ilé alákọ̀dẹ̀dẹ̀ tí yàrá mẹ́wàá dojú kọ ara wọn, láìfi aago kankan tì í?

Ẹnìkan wá sọ fún mi pé ìṣẹ̀ǹbáyé wa ni èédú, pé àwọn bàbá wa alágbẹ̀dẹ fi ẹwìrì àti èédú rọ ọkọ́ àti àdá kí òyìnbó tó dé, kí n má fi ojú òyìnbó wo ohun tí Ògún fi lé wa lọ́wọ́. Ó dára. Ẹ jẹ́ kí á wo ilé arọ́ náà dáadáa. Òpó ló ní, òrùlé ló ní, kò ní ògiri. Kì í ṣe pé amọ̀ wọ́n àwọn bàbá wa.

N kò fẹ́ pẹ́ lórí wàhálà tó wà nínú iṣẹ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kéré. Ẹ́ńjìnnì tí ń jẹ gáàsì èédú ń pàdánù ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdajì agbára rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn kò sì ní agbára tí yóò pàdánù. Eérú tó bá yọ́ gba asẹ́ kọjá yóò jẹ inú ẹ́ńjìnnì bí iyanrìn. Ẹnìkan ní láti máa fọ́ èédú, kí ó máa jọ̀ ọ́, kí ó máa kó eérú, kí ó máa fọ asẹ́. Gbogbo wa la mọ ẹni tí wọn yóò rán níṣẹ́ náà nínú ilé. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún méjìlá tó ń múra ilé ẹ̀kọ́ ni, òun náà ni yóò sì bẹ̀rẹ̀ tì í nígbà tí wọ́n bá ń fẹ́ iná rẹ̀.

Wọ́n tún ń sọ pé èédú kò wọ́n. Fún ta ni? Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì kékeré, yúníìtì iná kan ń jẹ tó kílò èédú kan sí kílò kan ààbọ̀. Ilé tó bá ń lo iná wákàtí mẹ́rin lálẹ́, fún fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù díẹ̀, yóò lo bíi yúníìtì kan tàbí kí ó lé díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á pè é ní kílò èédú kan ààbọ̀ lálẹ́ kan, kílò 45 lóṣù. Bí a sì ṣe ń sun èédú nílé, tí wọ́n ń to igi jọ, tí wọ́n ń fi koríko àti yẹ̀pẹ̀ bò ó, kílò igi márùn-ún sí mẹ́wàá ló ń di kílò èédú kan. Ilé kan ṣoṣo nìyẹn, kílò igi 225 sí 450 lóṣù, nítorí fáànù àti tẹlifíṣọ̀n. Ẹ wá fi iye àwọn ẹbí gbogbo wa nínú ẹgbẹ́ yìí sọ ọ́ di púpọ̀.

Láti ibo ni igi náà yóò ti wá? Òkè-Ògùn ni. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìséyìn lọ sí Ṣakí, tàbí tó ti dé Ìgbẹ́tì àti Kìṣí, ti rí àpò èédú tí wọ́n tò sí ẹ̀bá ọ̀nà bí odi ìlú. Igi àyìn ni wọ́n kọ́kọ́ gé, nítorí èédú rẹ̀ le, ó sì ń pẹ́ nínú iná. Wọ́n gé apá. Nígbà tí ìwọ̀nyí ń tán lọ, wọ́n kọjú sí igi òrí. Igi òrí kì í ṣe ohun tí a gbìn lónìí tí a ká lọ́la. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tó hù yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìyàwó gbé kí ó tó máa so dáadáa, obìnrin ló sì ń jẹun lórí rẹ̀. Wọ́n ti gé e tán nínú oko mìíràn nítorí àpò èédú mélòó kan. Èédú náà ń lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, ó sì ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Yúróòpù. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ bá fẹ́ sun ẹran nínú ọgbà yín níbí, ẹ yẹ ẹ̀yìn àpò èédú náà wò kí ẹ tó tú u. Ẹ lè bá orúkọ Nàìjíríà níbẹ̀.

Owó rẹ̀ sì ti ń lọ sókè, nítorí àwọn tí kò lágbára láti ra kẹrosíìnì àti gáàsì ìdáná mọ́ ti padà sídìí èédú. Ìyá tí ń sun bọ̀ọ̀lì, ọmọ tí ń ta àgbàdo sísun, ìyá alákàrà, àwọn ni jẹnẹrétọ̀ wa yóò máa bá du èédú lọ́jà, pẹ̀lú owó pọ́n-ùn lẹ́yìn rẹ̀.

Àtakò kan wà tí mo gbà pé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní a lè fi èèpo àgbọn àti èèpo ẹkùrọ́ ṣe èédú láìgé igi kankan. Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹnìkan bá ní ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́ nínú oko, lábẹ́ àtíbàbà tí kò ní ògiri, tí òkìtì èèpo ẹkùrọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀sán ló ń lò ó, tí àgbàlagbà tó kọ́ iṣẹ́ náà sì dúró tì í títí iná fi kú, n kò bá a jà. Mo kí i kú ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí àbá yẹn sọ nìyẹn. Inú ilé ni àbá náà ń gbé e lọ.

Àwọn kan yóò ní sólà ni mo fẹ́ sọ, pé ohun olówó ni. Sólà náà ní àléébù tirẹ̀: ayédèrú kún ọjà, bátìrì ń kú, ọyẹ́ ń da eruku bo páńẹ́ẹ̀lì, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ nígbà òjò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra kékeré tó lè tan gílóòbù mẹ́ta, kí ó yí fáànù kan, kí ó sì gba iná sí tẹlifóònù, kò tún ní ra èédú lóṣù tó ń bọ̀. Ọmọ rẹ̀ kò ní fọ́ nǹkan kan kí ó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Páńẹ́ẹ̀lì orí òrùlé kì í sì í tú gáàsì sínú yàrá lóru.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ìpàdé tó ń bọ̀ nìyí. Kí owó àpò ẹgbẹ́ má ra ẹ̀rọ èédú kankan. Kí á fi owó àkọ́kọ́ ra aago ìkìlọ̀ carbon monoxide, èyí tí bátìrì rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀, tí yóò sì lo tó ọdún méje. Nílé ìtajà níbí, ọ̀kan kì í sábà ju ogún pọ́n-ùn lọ, kò wúwo ju bàtà ọmọdé. Kò sí ẹbí wa kan nílé tó ní jẹnẹrétọ̀ irú èyíkéyìí tí kò nílò rẹ̀ lónìí olónìí, pẹ̀lú èédú tàbí láìsí èédú. Owó tó bá ṣẹ́ kù, kí á fi ra sólà kékeré, kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilé àwọn àgbà tó ń dá gbé.

Ní ti ẹ̀gbọ́n wa tó fẹ́ràn ẹ̀rọ náà, mo bọ̀wọ̀ fún ọwọ́ rẹ̀, kò sì yẹ kí ọgbọ́n rẹ̀ ṣòfò. Kí ó kàn án níbí, ní gbangba ìta, jìnnà sí fèrèsé, kí àwọn ọmọ wa dúró lókèèrè wò ó, wọn yóò rí kẹ́mísìrì ju ti inú ìwé lọ. Lẹ́yìn náà kí ó fi tan fíríìjì ilé tirẹ̀ fún oṣù kan, kí ó sì wá jábọ̀ fún wa.

Akọ̀wé ti gba ìwé kan sílẹ̀ fún orúkọ. Ẹni tó bá ń lọ sílé ní oṣù Kejìlá, kí ó kọ iye aago tí àpótí rẹ̀ lè gbà síbẹ̀, pẹ̀lú ìlú tó ń lọ, kí á lè mọ ẹni tí yóò gbé ti Ìséyìn àti ẹni tí yóò gbé ti Ìjẹ̀bú.